Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Ṣájà Bátìrì Tó Gbọ́n, Níbi Tí Iná Ti Ń Lọ Tó Ń Bọ̀

Ẹni tó bá ń ra bátìrì àlòsọnù sí máìkì ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tàbí sí fíláàṣì kámẹ́rà ní gbogbo òde tó bá ti lọ ya fọ́tò, mọ bí owó ṣe ń jò lọ́wọ́ ẹni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ìbàdàn fi ti ń ra bátìrì tí a ń ṣáájì. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ lẹ́nu wọn pé bátìrì ọ̀hún kò dára, pé kò lo ọdún kan tó fi kú. Lọ́pọ̀ ìgbà, bátìrì kọ́ ló ṣẹ̀. Ṣájà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi kún un nínú páálí ló pa á.

Ìtọ́sọ́nà lórí ṣájà pọ̀ káàkiri, àmọ́ ibi tí iná kì í ti í lọ ni wọ́n ti kọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n á sọ fún yín pé kí ẹ wo ojú rẹ̀ tó ń kọ nọ́ńbà, kí ẹ wo bó ṣe ń yára tó, kí ẹ wo iye ihò tó ní. Gbogbo ìyẹn dára, a ó sì dé ibẹ̀. Níhìn-ín, ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ wádìí lọ́wọ́ ṣájà ni ohun tó máa ṣe bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, tí wọ́n sì tún dá a padà lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ṣájà olówó ńlá wà tó máa kùnà nídìí ìbéèrè yìí.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka ohun tó ń lo bátìrì nínú ilé

Kí ẹ tó jáde lọ sọ́jà, ẹ mú bébà àti bírò, kí ẹ yí ilé ká. Tọ́ọ̀ṣì, rédíò Bàbá, ẹ̀rọ tí Màmá fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ohun ìṣeré ọmọ, máúsì kọ̀ǹpútà, máìkì tí kò ní wáyà. Ẹ ṣí ẹ̀yìn wọn, ẹ ó rí i pé wọ́n kọ AA tàbí AAA síbẹ̀. AA ló nípọn díẹ̀, AAA ló tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ kọ iye tí ohun kọ̀ọ̀kan ń gbà sílẹ̀.

Ẹ fa igi lé aago ara ògiri. Bátìrì àlòsọnù kan ṣoṣo lè gbé aago fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wá ni ẹ fẹ́ fi ṣájà ṣe níbẹ̀? Rìmóòtù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀, àfi nílé tí ọmọdé ti ń tẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Ohun tó ń jẹ bátìrì kíákíá la ń wá: fíláàṣì, máìkì, tọ́ọ̀ṣì, ohun ìṣeré tó ní mọ́tò. Bí ẹ bá ní rédíò tó ń gba bátìrì ńlá, irú èyí tí àwọn Tiger Head máa ń ṣe, ẹ mọ̀ pé D nìyẹn, ọ̀pọ̀ ṣájà ilé ni ihò wọn kò gbà á.

Ó tún ku ohun kan tí mi ò ní fi ṣeré: ẹ má ṣe ki bátìrì àlòsọnù bọ inú ṣájà. Bí ẹ ò bá rí “Rechargeable” àti “NiMH” (orúkọ oríṣi bátìrì tí a ń ṣáájì) lára AA tàbí AAA, ẹ má tilẹ̀ dán an wò. Ó lè jò, ó sì lè bú gbàù.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ irú bátìrì tí ṣájà náà máa gbà

NiMH ni ọ̀pọ̀ bátìrì AA àti AAA tí a ń ṣáájì, 1.2V (V ni fólítì) sì ni wọ́n máa ń kọ sára rẹ̀. Kí ìyẹn má dẹ́rù bà yín. Bátìrì àlòsọnù ń bẹ̀rẹ̀ ní 1.5V, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí ló ń rọ̀ wálẹ̀, nígbà tí NiMH á dúró sí tòsí 1.2V títí tó fi fẹ́ tán. Èyí ni fíláàṣì ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Láàárín àwọn NiMH fúnra wọn, ẹ wá èyí tí kì í fi bẹ́ẹ̀ dín kù bó bá wà nílẹ̀. Sanyo ló gbé irú rẹ̀ jáde ní 2005 pẹ̀lú orúkọ Eneloop, kí Panasonic tó gba ilé-iṣẹ́ náà. Lónìí, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn náà ń ṣe é. Àwọn NiMH àtijọ́, bí ẹ bá ṣáájì wọn lónìí tí ẹ kó wọn sínú dúrọ́ọ̀, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ẹ ó bá wọn lófìfo. Èyí tí mò ń wí yìí lè pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú agbára rẹ̀ mọ́ fún ọdún kan gbáko. Ẹ ò rí i pé ó bá ilé wa mu: ọjọ́ tí iná bá wà ni ẹ ó ṣáájì, ọjọ́ tó bá wù yín ni ẹ ó lò ó.

Irú kejì ni Líthíọ́ọ̀mù. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni 18650, tó ga ju AA lọ tó sì sanra, 3.7V ló wà lára rẹ̀. Inú tọ́ọ̀ṣì alágbára, fáànù kékeré àti àtùpà tí a ń ṣáájì la ti ń bá a pàdé. Ó máa ń kún ní 4.2V. Ṣájà tó jẹ́ ti NiMH nìkan kò gbọdọ̀ rí i sójú. Àwọn ṣájà kan ń gba méjèèjì, wọ́n á yẹ bátìrì wò, wọ́n á sì mọ èyí tó jẹ́. Liitokala Lii-500 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí ẹ bá ní tọ́ọ̀ṣì tó ń lo 18650, ó bọ́gbọ́n mu kí ẹ ra irú rẹ̀. Bí ẹ ò bá ní, ẹ má sanwó ohun tí ẹ ò ní lò.

Irú kẹta ń tan àwọn èèyàn jẹ: AA tó jẹ́ 1.5V, tó jẹ́ pé Líthíọ́ọ̀mù ló wà nínú rẹ̀, tí òmíràn tiẹ̀ ní ihò USB lára. Ó rí bíi AA gidi, ó wọ ihò ṣájà dáadáa, ṣùgbọ́n ṣájà NiMH kò mọ̀ ọ́n rárá. Wáyà tirẹ̀ tàbí ṣájà tirẹ̀ nìkan ni kí ẹ lò fún un.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wádìí bó ṣe ń mọ̀ pé bátìrì ti kún

Ibí lọ̀rọ̀ wà, ẹ jẹ́ ká farabalẹ̀.

Bí NiMH bá ṣe ń kún, fólítì rẹ̀ ń gòkè. Nígbà tó bá kún tán, fólítì náà á rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ó lè jẹ́ 5 mV tàbí 10 mV péré (mV kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún fólítì), bátìrì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná nítorí iná tó ń wọlé kò ríbi gbà mọ́. Ṣájà tó gbọ́n ń ṣọ́ ìrọ̀wálẹ̀ kékeré yẹn. Bó bá ti rí i, á dúró. Lára páálí rẹ̀, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ “-dV” tàbí “-ΔV”. Èyí tó dára á tún máa wo bí bátìrì ṣe gbóná tó, kó lè dúró bí nǹkan kò bá lọ bó ṣe yẹ.

Ṣájà tí kò gbọ́n pín sí oríṣi méjì. Oríṣi kan kì í dúró rárá: níwọ̀n ìgbà tó bá ti wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ń fún bátìrì níná, ẹ̀yin ni kí ẹ máa wo aago. Oríṣi kejì ń ka wákàtí. Bó bá pé, á pa ara rẹ̀. Ní ìlú tí iná kì í ti í lọ, oríṣi kejì yìí ṣeé gbà mọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níhìn-ín. Ká ní wákàtí 14 ló yẹ kó kà. Ẹ fi ṣájà náà sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ní aago méje àárọ̀, lẹ́yìn wákàtí 9, wọ́n mú iná lọ. Wọ́n dá a padà ní ìrọ̀lẹ́. Ṣájà ọ̀hún ti gbàgbé gbogbo ohun tó ti ṣe láti àná, ó bẹ̀rẹ̀ láti oókan, ó tún ń ka wákàtí 14 mìíràn. Wákàtí 23 ló fi fún bátìrì tó nílò 14 níná. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ṣé bátìrì ọ̀hún á tọ́jọ́?

Ṣájà tó ń ṣọ́ fólítì kò nílò kó rántí ohunkóhun. Bí iná bá dé, á wo ipò tí bátìrì wà, á tẹ̀ síwájú láti ibẹ̀. Bí bátìrì bá ti kún tẹ́lẹ̀, á mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì fi í sílẹ̀. Síbẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn náà ní ìdààmú tirẹ̀ bí iná bá ń ṣe fìrí lọ, fìrí bọ̀ nígbà márùn-ún lálẹ́ kan. Ẹ yọ bátìrì tó bá ti kún kúrò, ẹ má jẹ́ kó sùn síbẹ̀.

Ohun kejì tí ẹ ó béèrè lábẹ́ ìgbésẹ̀ yìí ni iye tí ṣájà ń padà sí bí iná bá dé. Ọ̀pọ̀ ṣájà tó ní ojú tó ń kọ nọ́ńbà ń jẹ́ kí ẹ yan iye iná fúnra yín, ẹ lè sọ pé 300 mA (mA ni bí iná ṣe ń wọlé tó) ni kó fún AAA. Bí wọ́n bá mú iná lọ, yíyàn yín lọ pẹ̀lú rẹ̀. Bó bá padà dé lóru tí ẹ ti sùn, iye tí ilé-iṣẹ́ fi sínú rẹ̀ ni ṣájà á lò. Bí iye yẹn bá jẹ́ 500 mA, kò séwu fún AA, AAA náà á fara dà á. Bó bá jẹ́ 1000 mA, bíi ti Powerex MH-C9000 tí àwọn tó mọ̀ nípa ṣájà máa ń yìn, AAA tó jẹ́ 800 mAh (mAh ni iye iná tí bátìrì lè gbé) máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Mi ò sọ pé ṣájà yẹn kò dára; ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ilé tí iná kì í ti í lọ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ wá iye yìí nínú ìwé tó wà nínú páálí, “default” ni wọ́n máa ń pè é.

Ìgbésẹ̀ 4: Kí ihò kọ̀ọ̀kan dá dúró

Ṣájà tó bá ń sọ pé kí ẹ kó bátìrì sí i ní méjìméjì, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ dà bí ìgbà tí ẹ jókòó ti ẹni tí ebi ń pa àti ẹni tó ti yó síwájú àwo kan, tí ẹ sì ní oúnjẹ tí ẹnì kan bá jẹ, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Bátìrì tó ṣẹ́ kù díẹ̀ kó kún á gbóná, èyí tó ṣófo kò ní kún dáadáa, méjèèjì á sì bàjẹ́ pọ̀. Rìmóòtù kan tó ń lo bátìrì 2, ohun ìṣeré kan tó ń lo 3. Kò sí bí méjì ṣe fẹ́ máa bára wọn dọ́gba nígbà gbogbo.

Ọ̀nà tí ẹ ó fi mọ̀ kò le. Ẹ ki bátìrì kan ṣoṣo bọ ihò kan. Bí ṣájà bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ihò rẹ̀ dá dúró. Bó bá dákẹ́ títí tí ẹ fi fi èkejì sí i, ẹ ti mọ̀. Panasonic BQ-CC55, tí kò ní ojú tó ń kọ nọ́ńbà, tó jẹ́ iná pupa, yẹ́lò àti gríìnì nìkan ló ní, ń ṣọ́ ihò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Èmi á yan irú ṣájà bẹ́ẹ̀ ju èyí tí ojú rẹ̀ ń tàn yanranyanran tó sì jẹ́ pé ní méjìméjì ló ń ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ṣírò bó ṣe máa yára tó

Ẹ fi mA tí ṣájà ń fúnni pín mAh tó wà lára bátìrì, kí ẹ sì fi bí ìdá kan nínú márùn-ún kún iye wákàtí tó bá jáde, nítorí kì í ṣe gbogbo iná tó wọlé ló ń dúró. AA tó jẹ́ 2000 mAh lórí 200 mA: wákàtí 12. Lórí 500 mA: wákàtí 5 dín díẹ̀. Lórí 1000 mA: wákàtí 2 àti ààbọ̀, ó lè dín díẹ̀.

Ládùúgbò tí iná ti ń wá fún wákàtí 3 tàbí 4 lẹ́ẹ̀kan, ṣájà oní 200 mA kò lè parí iṣẹ́ kankan. Àwọn kan á sọ pé kíkún díẹ̀díẹ̀ ló ń tọ́jú bátìrì. Kò fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ fún ṣájà tó ń ṣọ́ fólítì: bí iná tó ń wọlé bá kéré jù, ìrọ̀wálẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò ní hàn, ṣájà ò sì ní mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Ìdajì mAh bátìrì ló dára jù, ìyẹn 1000 mA fún AA tó jẹ́ 2000, àti 400 mA fún AAA tó jẹ́ 800. Kó má kéré ju ìdá mẹ́rin kan lọ. Ṣájà oníṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ máa wò ó lókèèrè; ooru tirẹ̀ pọ̀, ooru Ìbàdàn ní oṣù Kejì àti Ìkẹta náà sì ti tó nǹkan.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá gbogbo ihò ló ń gba iye tí wọ́n kọ. Àwọn kan ń fúnni ní 1000 mA bó bá jẹ́ bátìrì 2 ló wà níbẹ̀, tí ẹ bá kó 4 sí i, á pín sí méjì. BQ-CC55 rí bẹ́ẹ̀: AA 2 ń gbà tó wákàtí kan àti ààbọ̀, AA 4 ń gbà tó wákàtí 3. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kí ẹ ṣáà ti mọ̀ ọ́n.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń sọ

Ṣájà tó ní ojú ń kọ V, mA, mAh, wákàtí, àti nígbà mìíràn mΩ tàbí mR. V ni fólítì, mA ni bí iná ṣe ń wọlé. Ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú ni mAh. Nígbà tí ṣájà bá ń kún bátìrì lásán, mAh tó ń kọ ni iye tó ti kó wọlé. Kì í ṣe iye tí bátìrì lè gbé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tó lè gbé, ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kún, kí ṣájà tú u jáde tán, kó sì ka ohun tó jáde. Ipò tó ń ṣe ìyẹn ni wọ́n ń pè ní “test”, àwọn míì kọ “NOR test” sí i. Tìtorí ipò yìí nìkan ni mo fi lè rọ yín kí ẹ fi owó kún owó.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé fíláàṣì kámẹ́rà yín ti ń pẹ́ kó tó tún tàn, àwọn tí ẹ ń yà á ti rẹ́rìn-ín tán kó tó ṣetán. Bátìrì 4 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n kọ 2000 mAh sí lára, gbogbo wọn ni iná ṣájà àtijọ́ ń sọ pé ó ti kún. Ẹ kó wọn sínú èyí tó ní “test”. Lọ́jọ́ kejì ojú rẹ̀ kà báyìí: 1870, 1910, 640, 1890. Ẹ ti rí ọ̀dàlẹ̀ náà. Ẹ pààrọ̀ ẹyọ kan, ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí kò ní irú ṣájà yìí á kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dànù, á lọ ra mẹ́rin tuntun.

Ojú yìí kan náà ló ń tú àṣírí ayédèrú. AA oní NiMH tó bá kọ ju bíi 2800 mAh lọ sára, irọ́ ló sábà máa ń jẹ́. AAA tó bá kọ 1800, kò tilẹ̀ yẹ kí ẹ jiyàn rẹ̀. Ti 18650 ló burú jù, nítorí pé tí ẹ bá rí 9900 mAh lára rẹ̀, ẹ rántí pé ojúlówó tó gbajúmọ̀ kì í sábà kọjá 3500 tàbí 3600. Lẹ́yìn “test”, òmíràn nínú wọn kì í pé 1000.

mΩ ń sọ bó ṣe ń ṣòro tó fún iná láti jáde nínú bátìrì. Bó bá kéré, ó dára. Bátìrì tó ti gbó á ní tirẹ̀ ní ìlọ́po mélòó kan ti tuntun. Ẹ má gba nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́ jù, nítorí ìdọ̀tí díẹ̀ lẹ́nu irin ihò tó láti yí i padà. Ẹ fi wé ti bátìrì mìíràn nínú ihò kan náà.

“Refresh” ń tú bátìrì jáde, ó ń kún un padà, lọ́pọ̀ ìgbà léraléra. Ó wúlò fún bátìrì tó ti jókòó fún oṣù mélòó kan tí kò gbé nǹkan dáadáa mọ́. Ẹ má sọ ọ́ di àṣà, nítorí gbogbo ìkún àti ìtújáde ló ń jẹ lára ọjọ́ ayé bátìrì.

Kí ṣájà lè jí bátìrì tó ti lọ sí 0V náà dára. Ọmọ á tan tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ mọ́jú, ẹ ó kó bátìrì sínú ṣájà, á sì sọ pé òun kò rí nǹkan kan. Èyí tó ní “0V activation” á kọ́kọ́ fún un ní iná díẹ̀, bó bá dáhùn, á tẹ̀ síwájú. Èyí wà fún NiMH o. Líthíọ́ọ̀mù tó bá ti ṣófo bẹ́ẹ̀, ẹ má jí i.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ wo ibi tó ti ń gba iná

“Test” lórí bátìrì 2000 mAh lè gba wákàtí 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀, nítorí ó ń kún, ó ń tú, ó tún ń kún. Ó rọrùn fún ẹni tó wà lórí Báńdì A, tí wọ́n ṣèlérí iná ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́ fún. Fún àwa tó kù, ínfátà, sólà tàbí pówà báǹkì ló máa gbé e délé.

Ṣájà tó ń lo USB wúlò gan-an nítorí èyí. Bátìrì AA 4 tó jẹ́ 2000 mAh kò gbé ju 9.6 Wh (Wh ni àpapọ̀ agbára iná tó wà nínú bátìrì) lọ lápapọ̀. Pówà báǹkì 20,000 mAh ní 74 Wh nínú. Kódà bí púpọ̀ bá ṣòfò lọ́nà, á kún wọn ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Kí ẹ ṣọ́ ohun kan: àwọn pówà báǹkì kan máa ń pa ara wọn bí iná tí a ń gbà lọ́wọ́ wọn bá kéré jù, kí ẹ má lọ sùn kí ẹ rò pé iṣẹ́ ń lọ. Bó bá jẹ́ ara ògiri ni ẹ ti ń gba iná, orí ṣájà fóònù tó ń gbé 5V 2A (ìyẹn 2000 mA) jáde ni kí ẹ fi ṣe é, kì í ṣe ti fóònù kékeré àtijọ́.

Èyí tó ń gba 12V dára fún ẹni tó ní bátìrì ínfátà 12V tàbí tó fẹ́ lò ó nínú ọkọ̀. Ẹ ka ara rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó so ó. Bátìrì 12V tí sólà ń kún lọ́wọ́ lè dé 14.4V, kó jẹ́ pé ṣájà yín gbà á. Ẹ má ṣe so ó tààrà mọ́ páànẹ́lì. Páànẹ́lì tí wọ́n ń pè ní 12V lè gbé ohun tó lé ní 17V jáde nínú oòrùn. Ínfátà 24V àti 48V kò sì bá a tan rárá.

Tòkúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà ńkọ́? Ẹ wá “100-240V” lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ 120V nìkan ni wọ́n kọ, 230V tiwa á jó o mọ́lẹ̀ kí ẹ tó jókòó.

Ìgbésẹ̀ 8: Lẹ́nu ọjà

Bóyá Ògùnpa ni ẹ gbà lọ o, tàbí Dùgbẹ̀, tàbí Ìwó Road tàbí Agbówó, ẹ gbé bátìrì NiMH méjì tó ṣófo dání láti ilé, kí ẹ sì ní kí ọlọ́jà so ṣájà mọ́ iná. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni ẹ máa gbọ́:

“Ọmọ mi, ṣé ó máa ń dá dúró fúnra ẹ̀ tó bá kún?”

“Mọ̀mí, iná ẹ̀ máa di gríìnì ni.”

“Kó di gríìnì kọ́ ni mò ń béèrè. Ṣé ó máa dúró?”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Mọ̀mí. Orígínà ni.”

Ọmọ náà kò purọ́, kò kàn mọ̀ ni. Páálí ni kí ẹ kà. Bí ẹ ò bá rí “-ΔV” tàbí “smart” tó ní àlàyé lẹ́yìn, tí ó jẹ́ “timer” ni ẹ rí, ẹ ti mọ ibi tó já sí. Lẹ́yìn náà, ẹ ki bátìrì kan ṣoṣo bọ ọ́ bí mo ṣe wí. Ẹ yọ ṣájà kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kí bátìrì ṣì wà nínú rẹ̀: bí iná ojú rẹ̀ bá ń tàn lọ, tí kì í sì í ṣe irú èyí tó ń ṣe pówà báǹkì, a jẹ́ pé bátìrì yín ló ń fà, á sì máa fà á ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ. Ẹ fi ṣájà padà sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo bóyá ó bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ tàbí ó ń dúró kí ẹnì kan tẹ bọ́tìnì. Èyí tó ń dúró de bọ́tìnì kò wúlò bí iná bá dé ní aago méjì òru.

Ẹ fi ìka fa irin ihò rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Kó le, kó sì ta padà. AAA gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀ láìmì. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta onígun ló bá ògiri wa mu. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì pẹlẹbẹ, kí ẹ ra kọ̀nfátà tó dì mọ́ ọn dáadáa, kì í ṣe èyí tó ń ta páràpárà.

Ìgbésẹ̀ 9: Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Ẹ fi máákà kọ nọ́ńbà sára gbogbo bátìrì yín, kí ẹ “test” wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ohun tí ojú kà sílẹ̀. Èyí tí nọ́ńbà wọn bá sún mọ́ra ni kí ẹ kó sínú ohun kan náà, kí wọ́n máa jáde pọ̀, kí wọ́n máa wọlé pọ̀. Bátìrì tuntun lè nílò kí ẹ kún un kí ẹ lò ó lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó dé ibi tó máa dé, ẹ má bínú sí i tètè.

Orí tábìlì tàbí ilẹ̀ tó mọ́ ni kí ṣájà wà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe orí fíríìjì tí wọ́n fi aṣọ bò. Bí bátìrì bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tó fẹ́ kún, kò burú. Bó bá gbóná débi tí ẹ ò lè dì í mú, ẹ yọ ọ́: bátìrì yẹn ló ti bàjẹ́, tàbí ṣájà kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Ẹ fi bátìrì mìíràn tó yá gágá dán ihò kan náà wò, ẹ ó mọ èyí tó jẹ́. Èyí tó jẹ́ Líthíọ́ọ̀mù, ẹ má ṣáájì rẹ̀ nígbà tí kò sí ẹnì kankan nílé.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹ jẹ́ kí iná lọ mọ́ ọn lórí lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ẹ wà nítòsí. Ẹ kọ ohun tó ń kà kí iná tó lọ sílẹ̀, kí ẹ sì wò ó nígbà tí iná bá dé: ṣé ó bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, mA mélòó ló padà sí, ṣé ó dá èyí tó ti kún mọ̀ tó sì fi í sílẹ̀? Bí kò bá ṣe bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí, ẹ kó o padà pẹ̀lú rìsíìtì kí ọlọ́jà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun kò mọ̀ yín rí.